Ìyá Wa Fẹ́ Wọ Ọkọ̀ Òkun: Aṣọ Wo Ni Kí Wọ́n Wọ̀ Jẹun Alẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn mìíràn lẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, kí ló kan ará Èkó-Èǹdé nínú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lálẹ́ nínú ọkọ̀ òkun? Omi Odò Ọ̀tìn tí wọ́n sé lọ́dọ̀ wa níbí kò mọ̀ ju ọkọ̀ apẹja lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti dé Houston, wọ́n ti dé London, wọ́n sì ń ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá wọn. Ohun tí kò kàn wá tẹ́lẹ̀ ti wá jókòó sí pálọ̀ wa.

Ní 2023, bàbá díákónì kan nínú ìjọ wa àti ìyàwó wọn wá bá wa lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Ọmọ wọn tó wà ní Houston ti sanwó ọkọ̀ òfúrufú wọn. Ó ní bí wọ́n bá dé, òun yóò mú wọn wọ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ láti èbúté Galveston, ọjọ́ méje lórí omi, láti fi ṣe ìdúpẹ́ ogójì ọdún tí wọ́n ti gbé ara wọn níyàwó. Inú wọn dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kọ̀wé sórí fóònù pé nínú alẹ́ méje yẹn, méjì wà tí gbogbo èrò ọkọ̀ ń múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ó ní kí bàbá wá kóòtù dúdú àti táì onílabalábá, kí ìyá wá gáùn gígùn. Ó fi fọ́tò gáùn ránṣẹ́. Ó sì fi kún un pé: “Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó agbádá wá. Wọ́n á máa wò wá.”

Ìyá ti gbé fọ́tò náà tọ télọ̀ kan lọ ní Òṣogbo. Gáùn náà kò lápá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ títí dé ìdí. Owó tí wọ́n fi ra aṣọ rẹ̀, lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n ti yá a. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá kò fi bá wọn sọ̀rọ̀. Níwájú wa níbẹ̀ ni bàbá ti la ẹnu: “Pásítọ̀, ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé bí wọ́n ṣe máa jókòó síwájú ọmọ tí wọ́n bí nìyẹn?” Ìyá ní: “Ọmọ ló ní kí n rán an. Mi ò fẹ́ kí ojú ti ọmọ mi láàárín àwọn òyìnbó.” Wọ́n sì bú sẹ́kún.

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ fún yín pé ìdáhùn tó kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu kò dára. A ní onígbàgbọ́ kò ní iṣẹ́ kankan nínú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń mutí, tí wọ́n ti ń jó, tí wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́. A gbàdúrà kúkúrú, a ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ní òru ọjọ́ náà, oorun kò kùn wá. Òótọ́ ni pé ilé tẹ́tẹ́ wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kò sí ilé tẹ́tẹ́ nígboro tiwa níbí? A kò sì sọ fún ọmọ ìjọ kankan kí ó má gba ìgboro kọjá. Pọ́ọ̀lù wọ ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ èrò inú rẹ̀ kò mọ Ọlọ́run, òun náà ló sì gbà wọ́n níyànjú láti jẹun nígbà tí ìjì dé (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27). Aṣọ ni àwọn méjèèjì wá bi wá léèrè, àwa ń dá wọn lóhùn nípa tẹ́tẹ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn.

Nítorí náà a wádìí ọ̀rọ̀ náà, a bi àwọn ará tó ti lọ, a sì ka ìlànà tí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ náà kọ.

BÍ ALẸ́ ṢE RÍ NÍNÚ ỌKỌ̀

Ní ọ̀sán, kò sí ẹni tó ń bi ẹnikẹ́ni léèrè aṣọ. Ìrọ̀lẹ́ ni ìlànà ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ iléeṣẹ́ Cunard ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago mẹ́fà ni wọ́n fi ààlà sí. Iléeṣẹ́ Carnival, tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbéra ní Galveston, kò le tó bẹ́ẹ̀: ìrìn àjò ọjọ́ méjì sí márùn-ún ní alẹ́ ìmúra kan, èyí tó bá tó ọjọ́ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní méjì. Ní àwọn alẹ́ yòókù, aṣọ tí ènìyàn lè wọ̀ lọ sí ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ ti tó. Ohun tí wọn kò fẹ́ nínú yàrá ìjẹun ńlá ni aṣọ ìwẹ̀dò, síńgílẹ́ẹ̀tì àwọn ọkùnrin àti sílípáàsì ilé ìwẹ̀. Ẹ ò rí i pé bí wọn kò bá tilẹ̀ sọ ọ́, ìyá wa kò ní wọ ìyẹn lọ síbi oúnjẹ.

Ohun kan tí ọmọ náà kò sọ fún wọn, bóyá nítorí pé kò kà á sí, ni pé ìmúra yìí kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni. Ibòmíràn wà nínú ọkọ̀ kan náà tí oníkálukú ti ń mú àwo tí ó sì ń bu oúnjẹ ara rẹ̀, ní alẹ́ ìmúra pàápàá. Oúnjẹ ibẹ̀ wà nínú owó tí wọ́n ti san. Kò sí ẹni tí ebi yóò pa nítorí pé kò ní kóòtù.

Èkejì tó yà wá lẹ́nu jù ni èyí: àwọn iléeṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé aṣọ ìbílẹ̀ tó jẹ́ ti òde wà lára ohun tí ènìyàn lè wọ̀ ní alẹ́ ìmúra. Àwọn ọkùnrin Scotland a máa wọ aṣọ wọn tó dà bí síkẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n á sì fi àga fún wọn. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí èyí kọ lẹ́tà Deutarónómì 22:5 sí wa. Aṣọ ọkùnrin ni lọ́dọ̀ wọn.) Bí ti Scotland bá wọlé, kí ni agbádá ṣe?

ÀWỌN TÓ TI WỌKỌ̀ ṢÁÁJÚ WA

Kì í ṣe òní ni ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú aṣọ tí yóò wọ̀ lórí òkun. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú, ìhòòhò ni wọ́n sábà máa ń kó wọn sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn tí òwò yẹn dópin, ọkọ̀ lẹ́tà ni ọ̀nà Èkó sí ìlú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ogun Hitler, mẹ́ta ni iléeṣẹ́ Elder Dempster fi ń kó èrò láti Liverpool wá sí Èkó: Accra ti 1947, Apapa ti 1948, àti Aureol ti 1951. Ọmọ agbègbè wa tó bá ń lọ kàwé nígbà náà, ó lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìkìrun tàbí Ọ̀kukù dé Ìddó, kí ó tó lọ wọ ọkọ̀ òkun ní Àpápá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì lórí omi. Ní ìpele kìn-ín-ní, àṣà àwọn òyìnbó ni pé kí ènìyàn pààrọ̀ aṣọ kí ó tó jókòó sídìí oúnjẹ alẹ́. Àfi alẹ́ àkọ́kọ́ àti alẹ́ ìkẹyìn, nítorí pé àpótí kò tíì tú tàbí pé wọ́n ti dì í. Aureol ló gbẹ́yìn gbogbo wọn. Ní 1974 ni wọ́n dáwọ́ ìrìn rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ òfúrufú ti gba èrò.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ kí ẹ rántí ni Mojọlá Àgbébí, ọmọ oníwàásù, tí wọ́n bí ní 1860. David Brown Vincent ni wọ́n ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 1894 ni wọ́n pa orúkọ náà tì. Wọ́n wà lára àwọn tó dá ìjọ Onítẹ̀bọmi ti àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó ní 1888. Wọ́n pinnu pé aṣọ Yorùbá ni àwọn yóò máa wọ̀. Nígbà tí wọ́n rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní 1903, aṣọ Yorùbá náà ni wọ́n wọ̀, nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju ojú òkun lọ, tí òyìnbó sì ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Ẹni tó bá wí fún wa lónìí pé agbádá yóò dójú tì wá lókè òkun, a ó rán an létí pé ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan ti wọ̀ ọ́ débẹ̀.

A tẹ ọmọ náà láago. Ó tẹ́tí sí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní: “Ẹ̀yin sà, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn níbí.” A kò bá a jà. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín àjèjì láti ìgbà èwe rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń fi ara pa mọ́, ohun tó sì ń dáàbò bò ó lẹ́nu iṣẹ́ ló fẹ́ fi dáàbò bo ìyá rẹ̀. A kàn bi í pé ní ọjọ́ ìgbéyàwó tirẹ̀, kí ni ìyá rẹ̀ wọ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Aṣọ òkè ni, sà.”

Ní ti gáùn ẹ̀yìn ṣíṣí, ojú wa kò fọ́ sí 1 Tímótíù 2:9. Ìyá àgbà kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀yìn sílẹ̀ fún gbogbo èrò ọkọ̀ nítorí àwo oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí a má ka ẹsẹ náà dé ìdajì. Ibẹ̀ kan náà ló ti dárúkọ wúrà, péálì àti aṣọ olówó iyebíye, ìdajì yẹn ni a sì máa ń fò kọjá lórí pẹpẹ, nítorí a mọ ohun tí a ń wọ̀ lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè. Ẹni tó bo gbogbo ara pẹ̀lú léèsì tí wọ́n yá owó rà, ibi kan náà ni òun àti ẹni tó rán gáùn ẹ̀yìn ṣíṣí dúró sí nínú ẹsẹ yẹn. Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, a ṣo ó.

OHUN TÍ A NÍ KÍ WỌ́N KÓ DÁNÍ

A jókòó pẹ̀lú wọn, ìyàwó wa sì mú ìwé kọ ọ́. Fún alẹ́ ìmúra méjèèjì, aṣọ òkè kan náà tó ti wà nínú àpótí wọn. Kí wọ́n má kó méjì, nítorí aṣọ òkè wúwo, wọ́n sì ń wọn ẹrù ní pápákọ̀ òfúrufú. Ní alẹ́ kejì, kí ìyá pààrọ̀ bùbá àti gèlè, kí bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò láìsí agbádá lórí. Ẹni tó bá rí wọn kò ní mọ̀. Fún alẹ́ márùn-ún yòókù, àǹkárá mẹ́ta ti tó.

Kí wọ́n ti àǹkárá kan bọ inú báàgì ọwọ́, nítorí ní ọjọ́ tí ènìyàn bá wọ ọkọ̀, àpótí ńlá lè pẹ́ kí ó tó dé yàrá. Kí ìyá mú ìborùn tó nípọn: ẹ̀rọ amúlétutù yàrá ìjẹun a máa mú ènìyàn gbọ̀n. Gèlè ńlá kò burú nídìí tábìlì, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń lọ síbi eré lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n wé e sílẹ̀, kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè ríran. Bí wọ́n bá sì máa jáde sí òkè ọkọ̀, atẹ́gùn òkun kò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Bàtà pẹlẹbẹ, nítorí ilẹ̀ ọkọ̀ a máa mì. Kí wọ́n má gbé áyọ́ọ̀nù lọ: wọn kì í gbà á nínú yàrá, nítorí iná. Ìdí nìyẹn tí a kò fi fẹ́ aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí. Àwọn ayàwòrán máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní alẹ́ ìmúra. Kí wọ́n yà wọ́n, kò burú, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń gba fọ́tò náà. Kí ọmọ fi fóònù yà wọ́n.

Bàbá bi wá bóyá kí àwọn ṣí fìlà nídìí oúnjẹ. A ní kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé fọ́tò wá. Bàbá dé fìlà sí apá ọ̀tún, agbádá wà léjìká. Ìyá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú ìró àti bùbá àlàárì. Ọmọ dúró láàárín wọn, kóòtù dúdú lọ́rùn rẹ̀. Ìyá ní obìnrin òyìnbó kan kúrò nídìí tábìlì tirẹ̀ wá bi àwọn bóyá ọjọ́ ọdún ìlú àwọn ni, ọmọ sì dìde dúró, ó ń fi ọwọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ òkè. “Pásítọ̀, mi ò mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n wí.

Gáùn Òṣogbo náà wà lọ́dọ̀ ìyàwó wa. Wọ́n ti fi aṣọ tó ṣẹ́kù ran apá sí i, wọ́n sì ti dí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó. Owó tí wọ́n yá lórí rẹ̀, oṣù méje ni ìyá fi san án tán.