Bí Scapin Ṣe Di Sùbérù

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn eré orí ìtàgé òde òní ní Nàìjíríà, àwọn eré tó wúwo ni ẹnu kọ́kọ́ máa ń bà. Wọ́n á dárúkọ A Dance of the Forests tí Wọlé Ṣóyínká gbé kalẹ̀ nígbà òmìnira lọ́dún 1960, wọ́n á dárúkọ Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀, wọ́n á sì kan The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí. Àwọn eré náà tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn máa kó ẹrù eré jáde nínú ọgbà yunifásítì lọ́dún 1961, tí wọ́n fẹ́ lọ bá ará ìlú níbi tí ará ìlú wà, eré apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n kó dání. That Scoundrel Suberu ni wọ́n ń pè é. Dàpọ̀ Adelugba ló ṣiṣẹ́ lé e lórí pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Inú eré Faransé kan tó ti pé 290 ọdún nígbà náà ni wọ́n ti yọ ọ́, ìyẹn Les Fourberies de Scapin tí Molière kọ.

Ó ń dùn mí pé a kì í sọ ìtàn yìí tó. Ẹ̀rín ló ṣí ọ̀nà, àwọn eré tó wúwo ló sì gba ọ̀pọ̀ ìyìn.

Jean-Baptiste Poquelin ni orúkọ Molière gan-an. Bàbá rẹ̀ ń ṣe tìmùtìmù àti aṣọ àga fún ààfin ọba Faransé, wẹ́rẹ́ ni ọmọ ì bá sì jogún ipò náà. Eré ló yàn. Lọ́dún 1643, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní Paris. Kò pẹ́ tí gbèsè fi bò wọ́n, débi pé wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n lọ́dún 1645. Nígbà tó jáde, ó kó ẹrù rẹ̀, ó gba ìgbèríko lọ. Nǹkan bí ọdún 13 ló fi ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, ibi tí wọ́n bá ti rí àyè ni wọ́n ti ń ṣeré. Iṣẹ́ tí àwọn Alárìnjò ń ṣe nílẹ̀ Yorùbá lòun náà ń ṣe lọ́hùn-ún.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1658, ó dé iwájú ọba Louis XIV. Eré gbankọgbì kan tí Corneille kọ ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe, kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ wọ́n lára láàfin. Molière bá tọrọ àyè kí wọ́n fi eré kékeré kan lé e, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe fún ará ìgbèríko. Ẹ̀rín pa ọba. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí gbọ̀ngàn tí wọ́n á máa lò ní Paris. Gbogbo ohun tí ayé fi mọ Molière lẹ́yìn náà, orí eré àwàdà ìgbèríko yẹn ló dúró lé.

Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1671 ni Scapin kọ́kọ́ jáde ní gbọ̀ngàn Palais-Royal. Molière fúnra rẹ̀ ló ṣe Scapin. Ìtàn náà rèé: àwọn bàbá méjì tó lówó lọ́wọ́, tí wọ́n sì háwọ́, rin ìrìn àjò. Kí wọ́n tó dé, ọmọkùnrin ọ̀kan ti gbé ìyàwó ní bòókẹ́lẹ́, ọmọkùnrin èkejì sì ti kó sínú ìfẹ́ ọmọbìnrin kan tí àwọn alárìnká tọ́ dàgbà. Owó ni wọ́n nílò, ẹ̀rù bàbá sì ń bà wọ́n. Scapin, ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó fi ìbẹ̀rù ilé ẹjọ́ àti ti jagunjagun ayédèrú kan gba 200 owó wúrà lọ́wọ́ bàbá kìíní. Fún bàbá kejì, Géronte, ó ní àwọn ará Tọ́kì ti tan ọmọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi, àti pé 500 owó fàdákà ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bàbá náà ń jẹ̀rora láàárín ọmọ àti owó. Ìbéèrè kan náà ló ń tún bi ṣáá, pé kí lọmọ ọ̀hún tilẹ̀ ń wá nínú ọkọ̀. Kò sí ìlú tí wọn kò ti mọ irú bàbá bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan àpò. Scapin ní àwọn kan ń wá Géronte kiri láti pa á, ó bá ní kó wọ inú àpò kó fara pa mọ́. Ó wá ń yí ohùn padà bí ẹni pé àwọn ọ̀tá náà ti dé, ó sì ń da igi bo àpò náà pẹ̀lú bàbá nínú rẹ̀. Bàbá yọrí síta, ó rí ẹni tó ń lu òun. Níkẹyìn, nígbà tí àṣírí tú pátá, Scapin dọ́gbọ́n pé òòlù já lu òun lórí, pé òun ń kú lọ. Wọ́n gbé e wọlé, ó ń tọrọ àforíjì. Géronte dárí jì í, ṣùgbọ́n ó ní tó bá yè, òun gba àforíjì òun padà. Níbi àsè ìgbéyàwó ni eré parí sí, wọ́n gbé Scapin lọ sídìí tábìlì. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà ti mọ ẹni yìí: Ìjàpá ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílẹ̀ Faransé kò gba ti eré yìí. Lọ́dún 1674, lẹ́yìn tí Molière ti kú, Boileau, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀wé pé àpò Scapin yẹn kò bá irú òǹkọ̀wé tí Molière jẹ́ mu. Nígbà ayé Molière, ìgbà 18 péré ni wọ́n ṣe eré náà. Àwọn òǹwòran ló gbà á là lẹ́yìn ikú rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kó sinmi láti ìgbà náà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí àwa gan-an fi sọ́kàn. Molière kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ara Phormio ló ti mú egungun rẹ̀, eré tí Terence kọ ní Róòmù lọ́dún 161 ṣáájú ìbí Jésù. Terence náà sì ti yọ tirẹ̀ láti inú eré Gíríìkì. Ta ni Terence? Ìtàn sọ pé ọmọ Carthage ni, ní àríwá Áfíríkà, pé wọ́n mú un lẹ́rú lọ sí Róòmù kí olówó rẹ̀ tó dá a sílẹ̀. Afer tó wà nínú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí Áfíríkà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Ìbàdàn sọ Scapin di Sùbérù, iṣẹ́ tí Terence àti Molière ti ṣe ni wọ́n ń bá lọ, wọn kò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ló wá mú un ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn? Yunifásítì náà, tó jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ọdún 1948, kọ́ Arts Theatre sínú ọgbà rẹ̀ lọ́dún 1955. Ní ọdún 1956, Geoffrey Axworthy, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé síbẹ̀, ó sì fi gbogbo ara sí eré ṣíṣe. Àwọn eré tó pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ ti òyìnbó, àwọn tó ń wò ó sì jẹ́ olùkọ́, òyìnbó àti àwọn díẹ̀ tó kàwé. Ní ọdún 1959 ni wọ́n gbé The Swamp Dwellers àti The Lion and the Jewel ti Ṣóyínká sí orí ìtàgé náà. Àwọn ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ń ṣe eré kékeré tiwọn: inú gbọ̀ngàn ìjẹun Mellanby Hall ni The Trials of Brother Jero ti kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 1960. Ẹ kíyè sí i pé wòlíì ayédèrú tó ń fi ọgbọ́n jẹun ló wà nínú ìyẹn náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí òmìnira ń bọ̀ wá bá fẹ́ràn láti máa wo oníjìbìtì lójú kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín sí i.

Eré tó lè jáde lọ sí ìgboro gbọ́dọ̀ rọrùn láti gbé. Scapin kò béèrè ju títì kan lọ fún ibùdó, kò béèrè aṣọ ọba, àwọn òṣèré rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ gbogbo Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ á ṣì mọ ohun tí igi ń ṣe lára àpò. Bí wọ́n ṣe gbé orúkọ àti ìlú inú rẹ̀ wá sí Nàìjíríà, àwọn òbí tó ń fẹ́ yan ìyàwó fún ọmọ, àwọn ọmọ tó ti yàn fúnra wọn, àti ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbọ́n ju ọ̀gá lọ wá di ẹni tí òǹwòran lè nàka sí ní àdúgbò tirẹ̀. Ní 1961, ìjà lórí ta ni yóò fẹ́ ta wà nínú ilé púpọ̀.

Àpò yẹn pàápàá kì í ṣe àjèjì lórí ìtàgé Yorùbá. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wo eré egúngún ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀: àwọn eléré tó wọ inú àpò, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń tàkìtì nínú rẹ̀, lẹ́yìn wọn, ejò ńlá, lẹ́yìn ejò, òyìnbó kan tó tínínrín, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀. Orí ìran òyìnbó yìí ni àwọn ènìyàn ti yọ̀ jù, lójú òyìnbó gidi tó jókòó ń wò wọ́n. Nílé tiwa, láàfin tiwa, eré àwàdà kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ.

Ìrìn àjò tí Sùbérù bẹ̀rẹ̀ kò dúró. Nígbà tó yá, owó láti Rockefeller Foundation ni wọ́n fi dá School of Drama sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Axworthy sì ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, wá síbẹ̀, wọ́n sì gbé Ọ̀mùtí kalẹ̀ lọ́dún 1963 láti inú ìwé Amos Tutuọlá. Demas Nwoko ló ṣe ìtàgé rẹ̀. Ní 1964, tí Shakespeare pé 400 ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún gba títì lọ pẹ̀lú eré rẹ̀. Adelugba di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, òun ló sì darí Láńgbòdó ti Wálé Ògúnyẹmí, eré tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC lọ́dún 1977. Ohun tí wọ́n ṣe fún eré Molière ni Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan náà ṣe nígbà tó sọ eré Rọ́ṣíà kan tí Gogol kọ di Who's Afraid of Solarin?

Èmi fẹ́ kí ẹgbẹ́ kan tún gbé Sùbérù dìde, kó jẹ́ ní Yorùbá lọ́tẹ̀ yìí. Nínú ìran àpò, ohùn oríṣiríṣi ni Scapin fi ń dẹ́rù ba Géronte, títí kan ti ará Gascogne tí gbogbo Paris mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí Sùbérù fi ohùn Ìjẹ̀ṣà wọlé, kó fi ti Ìjẹ̀bú tẹ̀ lé e, kó fi ti Oǹdó halẹ̀, kó fi ti ọmọ Èkó parí rẹ̀, pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Òṣèré wà láàárín wa tó lè ṣe gbogbo rẹ̀ láìmí. Eré Molière ti kúrò lábẹ́ àṣẹ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fẹ́ lè tú u lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá ní òṣèré bíi mẹ́wàá, àpò ìdọ̀họ kan àti gbọ̀ngàn ìlú lè bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.