Ipò tí Ológbò Fi Ń Sùn àti Ohun tí Ó Ń Sọ Nípa Ìlera Rẹ̀

Ológbò tí ara rẹ̀ yá lè sùn tó wákàtí 12 sí 16 láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá ń sìn ín nínú ilé yóò ti ṣàkíyèsí pé kì í sùn lọ́nà kan náà nígbà gbogbo. Ní òwúrọ̀, ó lè ká kò bí òṣùká. Ní ọ̀sán, ó lè nà gbalaja sórí ilẹ̀ lásán. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ àyà, yóò sì di ojú bí ẹni tí ń ronú. Ìwọ̀nyí kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ipò tí ológbò fi sùn ń sọ bí ojú ọjọ́ ti rí, bí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ tó, àti nígbà mìíràn, bóyá àìsàn ti wọ̀ ọ́ lára.

Ooru ni ó kọ́kọ́ ń pàṣẹ. Ìwọ̀n ooru ara ológbò jẹ́ nǹkan bí 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí ó ga ju ti ènìyàn lọ díẹ̀. Ibi tí ooru rẹ̀ bá tó 30 sí 38 ni ó tù ú lára jù lọ, nítorí pé kò ní láti lo agbára púpọ̀ níbẹ̀ kí ara rẹ̀ tó móoru. Ìdí nìyí tí yàrá tí ó tura fún ènìyàn fi lè tutù lójú ológbò. Ní òru ọyẹ́, yóò ká ara rẹ̀ jọ, yóò fi ìrù bo imú, kí ooru ara rẹ̀ má baà sá lọ. Ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, kò lè làágùn bí ènìyàn, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nítorí náà, yóò na ikùn rẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì tí ó tutù.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀. Ológbò ń pa eku jẹ, ṣùgbọ́n ajá àti àwọn ẹranko tí ó tóbi jù ú lọ lè pa òun náà. Kì í fi ikùn rẹ̀ hàn ní gbangba níbi tí ẹ̀rù bá ti ń bà á. Èyí tí ó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tí ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ti gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ará ilé. (Èyí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ fọwọ́ pa á níkùn, èékánná ni ọ̀pọ̀ wọn yóò fi dáhùn.) Ní ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilẹ̀ Ítálì, Jámánì àti Tọ́kì wo fídíò 408 tí ológbò ti fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn. Nínú 266, ẹ̀gbẹ́ òsì ni ó fi lélẹ̀. Wọ́n rò pé bí ológbò bẹ́ẹ̀ bá ta jí, apá òsì ibi tí ojú rẹ̀ ń tó ni yóò kọ́kọ́ fi wo àyíká, apá ọ̀tún ọpọlọ tí ó ń tètè mọ ewu yóò sì gba ìròyìn náà. Àlàyé yìí mọ́gbọ́n dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di ẹ̀rí.

Ológbò tí ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àyà, tí orí rẹ̀ sì dúró, kò tíì sùn wọra. Ó ń tòògbé ni, etí rẹ̀ sì ń yí sí ibi tí ariwo ti wá. Nígbà tí oorun àlá bá dé, ipò náà kò ní ṣeé ṣe mọ́. Ní ọdún 1959, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Michel Jouvet ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọpọlọ ológbò tí ó sùn bá ń ṣiṣẹ́ bí ti ẹni tí ó jí, iṣan ọrùn rẹ̀ a dẹ̀ pátápátá. Ọpọlọ ni ó ń dá iṣan dúró kí ara má baà tẹ̀ lé àlá. Ológbò ní láti dùbúlẹ̀ nígbà náà, kí ilẹ̀ gba ara rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń mì díẹ̀díẹ̀, gìrì kọ́.

Nígbà tí Jouvet àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ba apá kékeré kan jẹ́ nínú ọpọlọ àwọn ológbò kan, wọ́n ń dìde lójú oorun, wọ́n ń dọdẹ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìyà kékeré kọ́ ni àwọn ẹranko náà jẹ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kan ènìyàn. Ní ọdún 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald ní Minnesota, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe àwọn ènìyàn tí ń ja ìjà, tí ń ta ẹsẹ̀, bí àlá wọn ti rí. Ọ̀pọ̀ irú wọn ni àrùn Parkinson ń yọ sí lára ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ń lu alábàásùn rẹ̀ lójú àlá yẹ kí ó sọ fún dókítà.

Ní ti ológbò fúnra rẹ̀, a máa fi àìsàn pamọ́, nítorí náà ìyípadà nínú bí ó ti ń sùn ni ó yẹ kí a fura sí. Èyí tí ó ní àrùn ọkàn, tàbí tí omi ti kún ìgbá àyà rẹ̀, kì í fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Yóò lóṣòó, yóò na ọrùn, yóò ya ìgúnpá kúrò lára kí èémí lè wọlé. Kí a ka èémí rẹ̀ nígbà tí ó bá sùn: bí àyà bá lọ sókè tí ó padà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni. Kò yẹ kí ó ju 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń jù bẹ́ẹ̀ lọ lemọ́lemọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Bí ó bá ń la ẹnu mí, kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ológbò àgbà tí kò gun orí àga tí ó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ mọ́ lè ní ìrora oríkèé ara, kì í ṣe ogbó lásán. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Montreal ní Kánádà gbé ọ̀nà kan jáde ní ọdún 2019 láti fi mọ ìrora lójú ológbò. Etí, ojú, ẹnu, irun ẹ̀gbẹ́ ẹnu àti bí ó ti gbé orí ni wọ́n ń wò. Èyí tí ó lóṣòó láìsùn, tí ó fún ojú pọ̀, tí etí rẹ̀ ya síta, tí orí rẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, kò sinmi rárá.

Àwọn kan a máa wá oògùn ara ríro ti ènìyàn fún un. Paracetamol kò yẹ kí ó dé ẹnu ológbò, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè fọ́ ọ túútúú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, hóró kan ṣoṣo sì tó láti pa á.