Kí Ni Ẹ̀rọ Aṣàwárí Ẹja Ń Rí Lábẹ́ Ọkọ̀?

Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ń pẹja ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ kọ̀wé sí wa. Ó ní owó èésú tí àwọn pa mọ́ fún ilé-ẹ̀kọ́ ni baba àwọn ọmọ òun fi ra ẹ̀rọ aṣàwárí ẹja. Láti ọjọ́ náà, bí ojú ẹ̀rọ bá ti ṣófo, a máa kúrò níbi tí baba rẹ̀ ti ń dẹ àwọ̀n, a máa jó epo kiri ọ̀sà, a sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Ó béèrè lọ́wọ́ wa bí ẹ̀rọ náà bá ń purọ́. Èsì wa ni pé kò purọ́ rárá, ṣùgbọ́n ibi tí ojú rẹ̀ dé kéré púpọ̀ sí èyí tí baálé ilé náà rò.

Ohùn ni ẹ̀rọ yìí fi ń ríran. Ohun kékeré kan wà tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ nínú omi. Òun ni ẹnu rẹ̀, òun náà sì ni etí rẹ̀. A ké igbe kan tí etí ènìyàn kò lè gbọ́; igbe náà a kan ẹja tàbí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, gbohùngbohùn rẹ̀ a sì padà wá. Bí ẹsẹ̀ bàtà 4,900 ni ohùn ń rìn nínú omi ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, bí gbohùngbohùn bá ti pẹ́ tó kí ó tó dé ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí nǹkan ti jìn tó. Ọgbọ́n náà ti pẹ́: ní ọdún 1948 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Furuno ti Nagasaki, ní ilẹ̀ Jàpáànì, ṣe èyí tí ó wúlò fún apẹja.

Ṣùgbọ́n igbe náà kì í ká gbogbo omi. Kí ọmọ kan mú iná tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, kí ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Bí ó bá mú un sún mọ́ ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Bí ó bá gun orí àga, ìmọ́lẹ̀ a fẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ohùn ẹ̀rọ: tóóró lókè, gbàràgàdà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ohùn wọn ń gbọ̀n ní ìgbà 200,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń ṣí i ní igun bí dìgírì 20. Níbi tí omi bá jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, ibi tí ó bò nísàlẹ̀ fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 21. Níbi tí omi kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ péré ni! Bẹ́ẹ̀ sì ni Ọ̀sà Èkó kò jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ọ̀pọ̀ ibi. Agbo ẹja lè wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí àjẹ̀ lè kàn án, kí ojú ẹ̀rọ sì ṣófo. Àti pé nínú omi tí kò jìn, ariwo ọkọ̀ a máa lé ẹja sí ẹ̀gbẹ́ kan, kúrò ní ibi kékeré náà gan-an.

Àwọn kan yóò wí pé kí a ra èyí tí igun rẹ̀ fẹ̀. Ó dára, igun dìgírì 40 yóò bo bí ẹsẹ̀ méje nínú omi ẹsẹ̀ 10. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ti fẹ̀ tó ni àwòrán rẹ̀ ń ṣú tó. Níbi tí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi bá dagun, apá òkè ni ó kọ́kọ́ dá ohùn padà, ẹ̀rọ a sì fa ilà ilẹ̀ síbẹ̀. Ẹja tí ó bá ba sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a bọ́ sábẹ́ ilà náà, a kò sì ní rí i.

Àṣìṣe tí ó tún wọ́pọ̀ ni pé a ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni ń wo àwòrán omi tí ó yí wa ká. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Etí ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ìsinsìnyí. Gbogbo èyí tí ó kù jẹ́ ìtàn ohun tí ó ti kọjá lábẹ́ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá dúró, tí ẹja kan ṣoṣo sì dúró lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ a fa ilà gígùn, ẹni tí kò mọ̀ a sì pè é ní ẹja ńlá. Bí ẹja bá gba etí ohùn wọlé, ó jìnnà díẹ̀. Bí ó dé àárín, ó sún mọ́. Bí ó ń jáde, ó tún jìnnà: ìdí nìyí tí ó fi ń hàn bí ọrun tí a tẹ̀. Kí a má sì gbàgbé pé ẹ̀rọ yìí kì í wo iwájú. Nígbà tí ó bá fi kùkùté hàn, ọkọ̀ ti dé orí rẹ̀ ná. Àwa kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í sáré lóru.

Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ni ó ń dá ohùn padà jù. Makẹ́rẹ́lì òkun Àtìláńtíkì, irú èyí tí àwọn ìyá ń rà lọ́jà ní Títù, kò ní i, nítorí náà kì í hàn dáadáa.

Ní ti baálé ilé ìyá wa yìí, kí ó kọ́kọ́ dẹ àwọ̀n níbi tí baba rẹ̀ ń dẹ ẹ́, ìbáà jẹ́ pé ojú ẹ̀rọ ṣófo. Kí ó máa fi ẹ̀rọ wá ipa odò tí ó jìn àti igi tí ó rì, nítorí ìwọ̀nyí kì í sá fún ọkọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ó kọ ohun tí ẹ̀rọ wí àti ohun tí àwọ̀n mú sínú ìwé, àti iye epo tí ó jó. Kí ìyá náà sì fi ìwé ọ̀hún ránṣẹ́ sí wa.