Bí A Ṣe Ń Fi Ímeèlì Nìkan Lo Íntánẹ́ẹ̀tì

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfíríkà ní ímeèlì, ṣùgbọ́n wọn kò ní íntánẹ́ẹ̀tì gan-an. Wọ́n á kọ lẹ́tà sí kọ̀ǹpútà kan, òun á sì fi ìwé tí wọ́n bèèrè ránṣẹ́.

LISTSERV, tí Eric Thomas ṣe ní 1986, ń bójú tó ẹgbẹ́ alájùmọ̀kọ̀wé bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì méjì ló ní: ọ̀kan fún gbogbo ẹgbẹ́, ọ̀kan fún àṣẹ. Ẹni tó fẹ́ wọlé yóò kọ SUBSCRIBE, orúkọ ẹgbẹ́ àti orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jáde yóò kọ SIGNOFF àti orúkọ ẹgbẹ́. Bí ó bá ṣi àdírẹ́sì, gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò gba lẹ́tà náà, òun kò sì ní í jáde. Nígbà tí àwọn kan ń sanwó lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe ẹnì kan di gbèsè ọ̀pọ̀. Owó ọmọnìkejì, àmánà ni. Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye, àmín.