Aṣọ àti Ipò Nínú Àwòrán Tí Ingres Fi Pẹ́ńsùlù Yà

Àwọn baba wa ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nínú iṣẹ́ Ingres, ayàwòrán ará Faransé kan, ní ìlú Róòmù.

Ní ọdún 1806 ni ó dé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba Faransé dópin ní Róòmù ní 1814, àwọn ìjòyè tí ń gbé iṣẹ́ fún un lọ, ọwọ́ rẹ̀ sì há. Lẹ́yìn ogun, àwọn ọlọ́rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí wá wo ìlú náà. Wọ́n ń fẹ́ àwòrán ara wọn láti mú lọ sílé, òun náà sì ń fi pẹ́ńsùlù yà wọ́n kí ó lè rí oúnjẹ jẹ.

Ṣùgbọ́n pẹ́ńsùlù kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wúrà. Báwo ni a ó ti ṣe mọ ọlọ́lá nínú rẹ̀? Ní Faransé, nígbà tí ọba pe ìgbìmọ̀ ńlá ní 1789, a pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́lá wọ aṣọ oníwúrà, kí àwọn aṣojú mẹ̀kúnnù sì wọ dúdú lásán. Kò pẹ́ tí ayé fi yí padà: àwọn ọlọ́lá pàápàá gba ẹ̀wù tí kò ní ọ̀ṣọ́. Láti ìgbà náà, bí a ti gé ẹ̀wù, bí ó ti bá èjìká mu, àti bí aṣọ ọrùn ti funfun tó, ni a fi ń mọ ẹni ńlá. Nítorí ẹni tí ó ní ìránṣẹ́ tí ń fọ aṣọ, tí ó sì ń lọ̀ ọ́, ni ọrùn rẹ̀ lè máa funfun lójoojúmọ́. Ní ti àwọn obìnrin, ìborùn Kaṣímírì, tí owó rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, ni ó ń sọ ọrọ̀ ilé wọn.

Ẹ wo Lord Grantham tí Ingres yà ní 1816: ó dúró nínú ẹ̀wù rẹ̀, ìlú Róòmù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nínú irú àwòrán báyìí, ojú ni Ingres fi sùúrù yà jù lọ. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni ó sábà fi ń ya aṣọ. Síbẹ̀ ìlà díẹ̀ náà tó fún wa láti mọ ipò ẹni náà.

Nítorí náà, bí a bá rí àwòrán àtijọ́, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ohun tí ẹni náà fẹ́ kí a gbà gbọ́ nípa òun. Kí a sì rántí aránṣọ, alágbàfọ̀ àti ahunṣọ, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ya ojú wọn.