Wákàtí 72 inú Dead Rising: aago tí wọ́n ń bú, tí wọn kò sì lè fi sílẹ̀

Àríyànjiyàn kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Capcom ti Jàpáàn tún ru sókè nígbà tí wọ́n gbé Dead Rising Deluxe Remaster jáde ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Géèmù àtijọ́ ni, wọ́n kàn tún un kùn ni. Àwòrán rẹ̀ ń dán, àwọn zombie inú rẹ̀ sì burú lójú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; kò sẹ́ni tó bá wọn jà lórí ìyẹn. Ibi tí ẹnu àwọn tó ń gbá a kò ti kò ni ọ̀rọ̀ aago.

Ìtàn rẹ̀ kò le. Frank West, oníròyìn tó ń ya fọ́tò, fi hẹlikọ́pítà balẹ̀ sórí òrùlé ilé ìtajà ńlá kan ní Willamette, ìlú àròsọ kan ní ìpínlẹ̀ Colorado l'Amẹ́ríkà. Òkú tó ń rìn ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Awakọ̀ òfurufú tó gbé e wá ṣèlérí pé òun máa padà wá gbé e lẹ́yìn wákàtí 72. Bí Frank ṣe máa lo ọjọ́ mẹ́ta náà kù sọ́wọ́ ẹni tó di páàdì mú: ó lè tú àṣírí ohun tó jí àwọn òkú wọ̀nyí dìde, ó lè máa gba àwọn tó há sínú ṣọ́ọ̀bù là, ó sì lè kàn ká ẹsẹ̀ léra títí ọkọ̀ á fi dé.

Wákàtí ibẹ̀ kì í ṣe wákàtí tiwa. Ìṣẹ́jú 5 gidi ni wákàtí kan ní Willamette, nítorí náà wákàtí 6 péré ni gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹ wo irú ilé géèmù tó wà nílùú bíi Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sanwó kí páàdì tó kàn wọ́n. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń gbá níbẹ̀. Ká wá ní ẹnìkan sanwó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti gbá Dead Rising, tí Frank sì wọlé ní ọ̀sán gangan: nígbà tí onígéèmù á bá fi na ọwọ́ pé kó gbé páàdì sílẹ̀, agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Willamette. Tó bá di agogo 7, ojú àwọn òkú a pọ́n, wọn a sì le ju ti ọ̀sán lọ.

Bí aago náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló dùn mọ́ni. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nílẹ̀ fún Frank ní ọ̀pá tín-ín-rín kan lójú tẹlifíṣọ̀n. Bí àkókò ṣe ń lọ ni ọ̀pá náà ń kúrú. Tó bá ku díẹ̀, a pọ́n. Tó bá tán, ó tán nìyẹn: ẹni tí o fẹ́ lọ gbà là ti kú, tàbí kí ìdí ọ̀rọ̀ tí o ń tọ pinpin bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ pátápátá. Ọ̀pá mẹ́ta mẹ́rin lè máa kúrú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Otis, bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú ilé ìtajà náà, ń pè lórí rédíò láti sọ pé òun tún rí ẹnìkan níbòmíràn. Nínú sùpámákẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kan tí orí rẹ̀ ti dàrú ń ti kẹ̀kẹ́ ìrajà tó de irin ṣóńṣó mọ́, ó ń fi lé ẹni tó bá wọlé. Ní gbàgede tó wà láàárín, ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta tó sá kúrò lẹ́wọ̀n ń fi jíìpù àti ìbọn ńlá ṣọdẹ èèyàn. Bí o pa wọ́n lónìí, wọ́n á tún padà wá lọ́la. Kò sí bí ẹsẹ̀ kan ṣe lè dé gbogbo ibi wọ̀nyí.

Àwọn tó ṣe géèmù náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ kò kíyè sí, tí wọ́n fi ń ju páàdì mọ́ ògiri. Tí Frank bá kú, géèmù náà á fún ọ ní ọ̀nà méjì: o lè padà síbi tí o fi géèmù pamọ́ sí gbẹ̀yìn, tàbí kí o tún ìtàn bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, pẹ̀lú gbogbo agbára, ìjàkadì àti ìpele tí Frank ti ní. Nínú ti 2006, ìpele 50 ló pọ̀ jù. Frank tó wọlé nígbà àkọ́kọ́ kò ju aláìlágbára tí òkú méjì lè fà ya. Nígbà tó bá wọlé nígbà kẹta, ó ti mọ ibi tí idà wà, ó ti mọ aago tí ẹlẹ́wọ̀n máa yọ, ó sì ti lè fi ọwọ́ lásán la ilé ìtajà já. Àṣegbé ni ìgbà àkọ́kọ́, torí àtiṣe ìgbà kejì ni wọ́n fi ṣe é.

Nintendo ti gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ ní ọdún 2000 nínú Majora's Mask, níbi tí òṣùpá fẹ́ já lu ìlú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, orin ni akọni náà ń fun tí ọjọ́ á fi padà sí àkọ́kọ́, ìtàn sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Capcom kò ṣàlàyé púpọ̀. Wọ́n fi ọ sílẹ̀ láti kú kí o tó mọ̀.

Kí wá ni ẹ̀rín inú rẹ̀? Gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé ìtajà náà ni Frank lè fi jà: àga gbọọrọ, páànù dín-dín, ẹ̀rọ ìgékoríko, bèbí onírun, àwo orin. Aṣọ tó bá rí ló lè wọ̀, títí kan gáùn obìnrin. Tí ọ̀rọ̀ ẹkún bá sì ṣẹlẹ̀, tí obìnrin kan ń sunkún lórí òkú ọkọ rẹ̀, Frank á dúró síwájú rẹ̀ nínú gáùn yẹn, á sì dijú mọ́rí bíi pé kò sí nǹkan kan. Géèmù tún ń fún un ní máàkì fún fọ́tò tó bá yà, èyí tó bani lẹ́rù ní tirẹ̀, èyí tó pani lẹ́rìn-ín náà ní tirẹ̀. Lójú tèmi, aago ló ń dáná sí ẹ̀rín yẹn. Ọkùnrin tó dúró wọ gáùn nígbà tí àwọn èèyàn ń kú lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ó sì mọ̀ pé wọ́n ń kú, ẹ̀rín rẹ̀ ní oró nínú. Yọ aago kúrò, ó ku ọkùnrin kan tó wọ gáùn.

Ibi tí Capcom ti rí ilé ìtajà kì í ṣe ohun tó fara sin. Ọdún 1978 ni George Romero ṣe fíìmù Dawn of the Dead, nínú mọ́ọ̀lù gidi kan ní Monroeville, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà pé bí wọ́n bá tiẹ̀ kú, ọjà ni wọ́n á ṣì máa ná. Ìjọra náà pọ̀ débi pé Capcom kọ ọ́ sára páálí géèmù pé kì í ṣe àwọn tó ni fíìmù náà ló fọwọ́ sí i. Ìyẹn kò dá ẹjọ́ dúró. Ní 2008, Capcom àti ilé-iṣẹ́ MKR Group tó ni ẹ̀tọ́ fíìmù náà kojú ara wọn nílé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ kan ní California sì da ẹ̀sùn MKR nù lọ́dún náà: kò sẹ́ni tó lè fi òté lé èrò pé òkú wọ inú mọ́ọ̀lù. Capcom tilẹ̀ fi yẹ̀yẹ́ tiwọn kún un. Nínú Dead Rising, ẹran màlúù ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀: àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ń wá bí wọ́n á ṣe máa sọ màlúù di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹran lè pọ̀ fún àwọn tí kì í yó, ìwádìí yẹn ló bí kòkòrò tó ń jí òkú. Àwọn ará Òkè-Ògùn, tí wọ́n mọ wàhálà tí màlúù lè dá sílẹ̀ láìsí kòkòrò kankan, kò níí ṣòro fún wọn láti gba ìtàn náà gbọ́.

Òkú Romero kì í sì í ṣe òkú tó kọ́kọ́ jẹ́ zombie. Ní Haiti, ẹni tí oṣó pa tó sì jí láti fi ṣiṣẹ́ ẹrú ni. Kì í jẹ ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni wọ́n jẹ. Àsìkò tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi gba Haiti, láti 1915 sí 1934, ni ìtàn náà dé etí àwọn òyìnbó, ìwé tí W. B. Seabrook kọ nípa Haiti jáde ní 1929, fíìmù White Zombie sì tẹ̀ lé e ní 1932. Nígbà tí Fela kọ Zombie ní 1976 láti fi bú sójà tó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, ti Haiti ló sún mọ́ ju ti Romero lọ. Ti Romero ni C.J. Obasi mú ní 2014 nígbà tó ṣe fíìmù Ojuju, tí omi ẹlẹ́gbin fi ń yí àwọn ará àdúgbò kan l'Ékòó padà. Àkúdàáyà tiwa kò sí nínú gbogbo wọn. Àkúdàáyà ní làákàyè; ó ń ṣòwò, ó ń fẹ́ ìyàwó, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó sá kúrò nílùú. Ẹ ò lè fi páànù dín-dín lé e.

Ká padà sí àwọn tó ń gbá a. Ní 2006 tí géèmù náà kọ́kọ́ jáde fún Xbox 360, ẹ̀sùn tó kọ́kọ́ pọ̀ kò tilẹ̀ kan aago tààrà. Lẹ́tà ojú ẹ̀rọ kéré jù. Tẹlifíṣọ̀n HD ni wọ́n ṣe é fún, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí tẹlifíṣọ̀n wọn ṣì jẹ́ onídìí ńlá pọ̀ jọjọ nígbà yẹn. Wọn kò rí ohun tí Otis ń sọ kà. Lẹ́tà lásán sì ni Otis, kò ní ohùn. Frank kò lè jà nígbà tó bá ń dá a lóhùn. Tí òkú bá já ìpè náà, Otis á tún pè, á sì bínú pé Frank kò mọ ìwà hù. Àwọn tí Frank bá gbà là náà a máa rìn wọ àárín òkú bíi pé wọ́n ń lọ òde àríyá. Lékè gbogbo rẹ̀, àyè kan ṣoṣo ni wọ́n fún ọ láti fi géèmù pamọ́ sí. Tí o bá fi pamọ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ọ̀pá pupa kù díẹ̀ tán, o ti de ara rẹ lókùn.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni àwọn èèyàn kó pọ̀, tí wọ́n pè ní "aago".

Ó jọ pé ilé-iṣẹ́ náà gbà wọ́n gbọ́. Dead Rising 2 ti 2010 fi àyè sílẹ̀ láti fi géèmù pamọ́ síbi mẹ́ta. Dead Rising 3 ti 2013 tú okùn aago náà débi pé ẹni tó bá fẹ́ ìnira àtijọ́ ní láti lọ wá a ní apá tí wọ́n pè ní Nightmare. Ní oṣù Kejìlá 2016, Dead Rising 4 mú Frank padà, ó sì yọ aago kúrò nínú ìtàn pátápátá. Ohun tí wọ́n bèèrè ni wọ́n fún wọn. Ariwo tó tẹ̀ lé e ju ti 2006 lọ: wọ́n ní ilé ìtajà ti di pápá ìṣeré lásán, wọ́n ní Frank kì í ṣe Frank mọ́. Nígbà tí àfikún Frank Rising jáde ní 2017, aago ti padà sínú rẹ̀. Capcom ti ilé-iṣẹ́ wọn ní Vancouver, tó ṣe Dead Rising 4, pa ní oṣù Kẹsàn-án 2018. Èèyàn kò lè sọ pé àìsí aago ló pa á. Owó, iye tí wọ́n tà àti ọ̀rọ̀ inú ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí Dead Rising tuntun láti ìgbà náà.

Ohun tí Remaster ṣe ló fi ọgbọ́n hàn. Wákàtí 72 wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti wà. Ohun tó yí i ká ni wọ́n tún ṣe: géèmù ń fi ara rẹ̀ pamọ́ bí o ṣe ń ti ibì kan bọ́ sí òmíràn, Otis ti ní ohùn, àwọn tí o gbà là ti ní làákàyè díẹ̀, o sì lè ti aago síwájú bí kò bá sí nǹkan kan láti ṣe. Àwọn kan lára àwọn àgbà inú géèmù yìí ń kùn pé ó ti rọ̀ jù, pé ẹni tí kò bẹ̀rù pé òun máa pàdánù wákàtí méjì kò tíì gbá Dead Rising. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ẹ̀tọ́ díẹ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kígbe mọ́ aago bá lè gbà á báyìí láìjẹ́ pé wọ́n dín ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rù àtipàdánù ni wọ́n ń sá fún látilẹ̀ wá, kì í ṣe àkókò.

Ẹ̀rù yẹn sì yé ẹni tó ń gbé ibi tí iná ti ń lọ láìdágbére. Apá kan wà nínú géèmù 2006 tí wọ́n pè ní Infinity: kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ebi ń pa Frank díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ oyè tó ga jù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàyè fún ọjọ́ méje. Wákàtí 14 gidi nìyẹn, lórí ìjókòó kan, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fi géèmù pamọ́ láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ní Ṣakí láìní jẹnẹrétọ̀ àti epo tó kún jálá, oyè tirẹ̀ yẹ kó ju ti àwọn ará Tokyo lọ.

Dead Rising àkọ́kọ́ wà fún PS4 láti ọdún 2016. Remaster ní tirẹ̀ wà fún PS5, Xbox Series àti kọ̀ǹpútà. Èyíkéyìí tí ọwọ́ yín bá tẹ̀, ẹ má ṣe gbìyànjú láti gba gbogbo èèyàn là nígbà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀pá díẹ̀ pọ́n kó sì tán, kí Frank kú, kí ẹ wá yan àtúnbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpele tó ti ní.