Fùkù Tí Dókítà Ẹran Bá Gbẹ́sẹ̀ Lé

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kan alápatà, ó kan oníwàrà, ó sì kan gbogbo wa tí ń jẹ ẹran.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹran tó ń ṣàìsàn nìkan ni dókítà ẹran ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn kan nínú wọn ni láti tọpasẹ̀ àrùn tí ẹran àti ènìyàn jọ ń kó: ibi tó ti wá, ọ̀nà tó gbà ràn, àti ibi tí a ti lè dá a dúró. Ọ̀kan nínú wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Cadmus ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 2006, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ikọ́ ife ní Ìbàdàn. Wọ́n fi kòkòrò ara màlúù wé ti ara àwọn aláìsàn. Wọ́n rí i pé kòkòrò ikọ́ ife ti màlúù gan-an ló wà lára àwọn aláìsàn kan.

Báwo ló ṣe ń dé ara ènìyàn? Wàrà tí a kò sè ni ọ̀nà pàtàkì. Èkejì ni èémí màlúù tó ní àrùn náà, fún ẹni tí ń dà á àti ẹni tí ń pa á. Iná ló ń pa kòkòrò yìí. Wàrà tó bá hó dáadáa kò léwu. Nọ́nọ̀ tí a ò gbé kaná rí ni ká ṣọ́ra fún, kíkan rẹ̀ nìkan ò tó. Èyí tó tún le ni pé pyrazinamide, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin tí a fi ń wo ikọ́ ife, kì í ran kòkòrò ti màlúù.

Ìdí nìyí tí dókítà ẹran fi ń la fùkù wò ní odò ẹran. Bó bá rí kókó níbẹ̀, ó lè gbẹ́sẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, pàápàá bó bá jẹ́ owó tí a yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ la fi ra màlúù. Síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fùkù pamọ́, ẹ má sì bẹ̀ ẹ́ kó gbójú kúrò. Oníbàárà yín ló máa jẹ ẹ́. Ọwọ́ yín ló sì kọ́kọ́ kàn án. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí, kó mú ìwé dókítà ẹran wá sí ọ́fíìsì. Màá gbé e síwájú ìpàdé gbogbogbòò pé ká sún ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ síwájú.

Ẹni tó bá ti wúkọ́ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ sí ọsibítù ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ ife. Ìlera loògùn ọrọ̀.